Síkírípìtì Tó Ń Béèrè Ọjọ́ Òní

Títí di òní olónìí, tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, igun tí aago wà ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Tí aago náà bá tọ̀nà, mo lè ṣiṣẹ́. Tí kò bá tọ̀nà, inú á ti bí mi kí ẹni tó ni ín tó bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó báyìí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni ọlọ́pàá aago. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ìkankan nínú wọn rí pé aago kọ̀ǹpútà ló lé mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta táyà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni àwa ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò ní gun àtẹ̀gùn wá bá wa pé fóònù òun kò gba iná mọ́. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ti gbé òkè òkun rí. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Èkó tí a kò lè ṣe níbí. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Yunifásítì tó wà ní Ijagun ni mo ti kàwé, àwọn tí a jọ kàwé ti gba Èkó lọ tán, àwọn mìíràn ti kọjá òkun. Èmi kò fẹ́ lọ síbì kankan.

Ìyá mi ló fà á. Ayépé ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Òkè Àjé, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń gba ọjà kan. Ọdún tí mo jáde ìwé ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń fà yọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó ń pè wá lórí fóònù. Obìnrin kan ládùúgbò, ẹni rere, máa ń jókòó tì í láti àárọ̀ títí di Làásárì, àmọ́ òun náà ní ọkọ àti ọmọ. Láti Làásárì lọ, èmi ni mo ni ìyá mi.

Ohun kan wà tí kò gbà kí ẹlòmíràn bá òun ṣe, àlùwàlá ni. Kò sí bí aládùúgbò yẹn ti bẹ̀ ẹ́ tó. Ó ní ọwọ́ ọmọ tí òun bí ni yóò máa bu omi sí òun lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ó di dandan kí n dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Tí mo bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á bi mí pé, "Aago mélòó ló lù?" Tí mo bá dé lásìkò, á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú apá ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rín tó dára tó ìyẹn rí.

Iṣẹ́ wa ni kì í jẹ́ kí n tètè dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ohun tí ènìyàn bá kọ ní èdè C++ tí a fi ń kọ ètò, kọ̀ǹpútà kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí ohun tó yé òun. Sísè ni àwa ń pè é ní ọ́fíìsì. Àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní hẹ́dà, inú wọn ni àlàyé ohun tí gbogbo ètò náà ń lò pọ̀ wà. Hẹ́dà wọ̀nyẹn gùn, wọ́n pọ̀, gbogbo fáìlì tí a bá sì kọ ló ń pè wọ́n. Kọ̀ǹpútà á ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún fáìlì àkọ́kọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí fún ìkejì. Ó dà bí olóúnjẹ tó ń lọ ata tuntun fún gbogbo abọ́ tó bá fẹ́ bù.

Tòkunbọ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà wa, ara wọn kò yá. Iná ìjọba á dé nígbà tó bá wù ú. Tó bá ti dé, gbogbo wa á sáré gbé ohun tí a ti kọ láti àárọ̀ ka iná, kò sì ní tíì jinná tí wọ́n á fi mú iná lọ. Ọ̀gá á wá ní ká ní sùúrù, pé òun máa tan jẹnẹrétọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tó ń sọ yẹn ni àkókò tí ọkọ̀ Ayépé ń tán nínú garéèjì. Àìmọye ìgbà ni mo gun ọ̀kadà láti Òdogbolu, tí mo bá ìyá mi lórí àga kan náà tí wọ́n gbé e sí ní ọ̀sán, tí aṣọ rẹ̀ tutù, tí ìrun ti kọjá. Kì í bínú. Á kàn bi mí pé aago mélòó ló lù. Ì bá sàn kó bú mi.

Ìdí tí mo fi kọ síkírípìtì yẹn nìyẹn. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ọpọlọ ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Rárá o, ilé ni mo fẹ́ tètè máa lọ. Mo ti kà á pé èèyàn lè se hẹ́dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó gbé e pamọ́ ní jíjinná, kí gbogbo fáìlì tó bá nílò rẹ̀ kàn máa bù níbẹ̀. Àsèsílẹ̀ ni mo sọ ọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ se tirẹ̀. Èyí tí a sè lórí tèmi, tìrẹ lè kọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì wa kò sì ní kọ̀ǹpútà méjì tó bára mu. Síkírípìtì mi, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ tẹ̀ léra wọn kí kọ̀ǹpútà máa ṣe wọ́n fúnra rẹ̀, ló ń bá wa tò ó. Á wo ohun tí kọ̀ǹpútà náà fi ń sè, á kó hẹ́dà jọ, á sè wọ́n, á gbé wọn síbi tó yẹ. Láti ọjọ́ kejì lọ, á kàn fi ọjọ́ tí a tún hẹ́dà kọ wé ọjọ́ tí a se àsèsílẹ̀. Tí hẹ́dà bá jẹ́ tuntun ju àsèsílẹ̀ lọ, á tún un sè. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á lo ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, iṣẹ́ tí à ń dúró tì títí jinná kí ọ̀gá tó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní kí n tún un ṣe lójú òun. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe èèṣì, ó pàtẹ́wọ́, ó kí mi, "Ọmọ Alárè!", ó ní tí a bá ti parí iṣẹ́ tí à ń ṣe fún ilé gàrí kan, òun máa fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi, nítorí pé abẹ́ ìdánwò ni mo ṣì wà. Mo dé Ayépé kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Mo bu omi sínú bútà, mo wẹ ẹsẹ̀ ìyá mi, ó ṣàdúrà fún mi títí mo fi sunkún.

Mo ti mọ ibi tí síkírípìtì yẹn ti lè ṣubú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó hàn. Inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni bátìrì rìbìtì kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí aago rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná kò sí. Ti gbogbo kọ̀ǹpútà wa ti kú. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, kọ̀ǹpútà á jí, á rò pé ọdún tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ni a wà. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Fóònù ni gbogbo wa fi ń wo aago, ta ló ń wo ti kọ̀ǹpútà? Ṣùgbọ́n síkírípìtì tó ń fi ọjọ́ wé ọjọ́ kò lè ṣe é láìsí aago tó tọ̀nà. Tí ẹ bá tún hẹ́dà kọ lónìí, tí kọ̀ǹpútà sì kọ ọdún àtijọ́ sí i lára, síkírípìtì á rò pé hẹ́dà náà ti wà kí wọ́n tó se àsèsílẹ̀. Á gbé ti tẹ́lẹ̀ fún yín, kò sì ní sọ nǹkan kan.

Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n ra bátìrì. Ohun tí wọ́n ń fi sínú rìmóòtù mọ́tò ni, kò ju owó búrẹ́dì lọ. Ó ní, "A máa rà á." Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà, o ò mọ̀ ju bátìrì lọ?" Mo wá fi ìbéèrè kan sí iwájú síkírípìtì. Kó tó ṣe ohunkóhun, á gbé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà rò pé a wà jáde, á sì béèrè ní Yorùbá pé, "Ṣé ọjọ́ òní nìyí?" Àfi tí èèyàn bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i dáadáa ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ń béèrè ọjọ́ bí arúgbó.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni ọkùnrin tó jẹ́ igbá kejì ọ̀gá. Bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Èkó ló ti wá, àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ pọ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bi òun léèrè ọ̀rọ̀, pàápàá ohun tí ọmọbìnrin tó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò kọ. Ó ní, "Aunty, iná dé, a fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yín ń bi wá léèrè ọjọ́. Ṣé a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo rò pé ó yé e.

Iṣẹ́ ilé gàrí yẹn, ètò fún òṣùwọ̀n ni. Alhaja kan ló ni ilé iṣẹ́ náà, ní ọ̀nà Òdogbolu, ìdílé oníṣòwò tí gbogbo èèyàn mọ̀. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ní láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀: tí wọ́n bá gbé àpò gàrí lé e, kọ̀ǹpútà á yọ ìwọ̀n àpò òfìfo kúrò, á sọ iye tí gàrí gan-an wọ̀n. Inú hẹ́dà ni ìwọ̀n àpò òfìfo wà. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Alhaja ránṣẹ́ pé òun ti pààrọ̀ àpò, pé èyí tí òun ń lò báyìí nípọn, ó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun kékeré ni. Ìlà kan ṣoṣo ni a máa tún kọ nínú hẹ́dà.

Ọjọ́ tí a fẹ́ tún un kọ bọ́ sí ọjọ́ tí ìyá mi ń rí dókítà, mo sì ti gba àyè. Bọ̀dá ló ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kó tó fọwọ́ kan hẹ́dà, ó ti yọ ìbéèrè mi kúrò nínú síkírípìtì. Kì í ṣe pé ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" láìwo ọjọ́ o, ó yọ ìbéèrè náà dànù pátápátá. Ó tún ìlà yẹn kọ bó ṣe yẹ. Ó sè é, ó yára jinná, ó gbé e lọ fún Alhaja.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wa lọ wo bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn oníbàárà Alhaja wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń wá kó gàrí láti Ẹ̀pẹ́ àti Ṣágámù. Wọ́n gbé àpò lé òṣùwọ̀n, nọ́ńbà jáde, ọ̀gá wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà, tó ti gbé àpò rí ju bí ọ̀gá wa ti ṣe gbé kọ̀ǹpútà lọ, ní kí wọ́n da gàrí òun sínú ike kan, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọ̀n ọ́n. Gàrí náà kò pé. Wọ́n da àpò mìíràn. Kò pé bákan náà. Ìwọ̀n àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣì ń yọ, ó sì ń ka ìyókù àpò tó nípọn mọ́ gàrí.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn wo Alhaja, ó ní, "Alhaja, ẹ̀yin náà?"

Mi ò lè gbàgbé ojú Alhaja. Ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà ni, tó ń gbọ́ wáàsí lójoojúmọ́ pé Ọlọ́run bínú sí ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló yí sí ọ̀gá wa, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lójú òun, pé òun ò rà á mọ́, pé kó bẹ Ọlọ́run. Ojú ti èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Àánú Alhaja ṣe mí gan-an.

A padà sí ọ́fíìsì. Mo ṣí kọ̀ǹpútà Bọ̀dá, mo wo ọjọ́ tó wà lára hẹ́dà, mo sì rí ọdún àtijọ́ yẹn kedere. Mo wo síkírípìtì, ìbéèrè mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pe ọ̀gá, mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó yé e, èèyàn tó kàwé ni, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó bojú wo Bọ̀dá, Bọ̀dá ń wo fèrèsé. Ọ̀gá wá bi mí pé, "Ta ló kọ síkírípìtì yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ká ní o ò kọ ọ́, ṣé èyí máa ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ò ra bátìrì, sà. Bọ̀dá ló sì yọ ìbéèrè ibẹ̀ kúrò."

Ó ní, "Mo ní, ká ní o ò kọ ọ́."

 Ká ní mi ò kọ ọ́, à bá máa dúró de jẹnẹrétọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, hẹ́dà tuntun ì bá sì jinná pẹ̀lú ìyókù. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ tí wọ́n fi ń pa èèyàn. Bọ̀dá ṣì ń wo fèrèsé. Títí di òní ni mo ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá ní òun kò lè fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ mọ́, pé kí n má bínú, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi tí òun máa lọ sọ fún Alhaja. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Mo kórìíra ohùn yẹn ju èébú lọ.

Mo wá iṣẹ́ káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wá a dé Ijagun níbi tí mo ti kàwé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Ibi méjì ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín pé, "Àbí ìwọ ni ti òṣùwọ̀n gàrí?" Èkó nìkan ló kù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí. Àbúrò ìyá mi wá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. A ti ilé Ayépé pa. Ọjọ́ tí à ń gbé e wọ ọkọ̀, ìyá mi di férémù ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dára, èmi ni mo tú ìka rẹ̀ kúrò.

Ọmọbìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ tí mo kúrò ni wọ́n ra bátìrì. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń sọ aago tó tọ̀nà báyìí. Síkírípìtì mi ni wọ́n ṣì ń lò. Ọ̀gá tiẹ̀ pè mí nígbà kan pé wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, pé síkírípìtì kò rí ohun tó fi ń sè níbẹ̀, pé ìlà wo ni kí àwọn tún ṣe. Ó kí mi, ó béèrè ara màmá. Mo sọ ìlà náà fún un. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, mo jókòó sórí ìbùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo ṣépè fún un dáadáa.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Èkó dára. Iná kì í lọ, kọ̀ǹpútà yára, hẹ́dà ń jinná fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò síkírípìtì mi. Tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, màá jáde sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, màá pe Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò ìyá mi á gbé fóònù sí ìyá mi létí.

Á ní, "Aago mélòó ló lù?"

Màá sọ iye tó lù.

Á ní, "O ti ń bọ̀?"

Nígbà àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé fún un pé Èkó ni mo wà. Ó gbọ́, ó sunkún, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti gbàgbé, ó tún bi mí. Mo tún ṣàlàyé, ó tún sunkún. Ara mi ò gbà á mọ́. Ní báyìí, màá kàn sọ pé, "Mo ń bọ̀, màmí. Mo ti wà nínú ọkọ̀."

Inú rẹ̀ á dùn. Á ní kí wọ́n bu omi sínú bútà, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òun, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, tí á na ẹsẹ̀ tó dára síwájú, tí á máa wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n á fi kí Màgàríbì tán. Tó bá ti sùn lọ lórí àga, wọ́n á da omi náà nù.